Ìrun Ń Lọ, Ọkàn Kò Bá A Lọ: Ìdáhùn fún Ìyá Elélùbọ́ kan ní Ìpàta

Ìbéèrè: "Ààfáà, àsàlámù àlékúmù. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà ní ọjà Ìpàta, nílùú Ìlọrin. Láti kékeré ni mo ti ń kírun, mo máa ń gba ààwẹ̀ mi pé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò wa. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ìrun kò ti dùn mọ́ mi mọ́. Mà á kábárà, mà á rúkúù, mà á forí kanlẹ̀, mà á sálámà, kò ní sí ohun tó kàn mí lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, omi a máa bọ́ lójú mi tí mo bá ń gbọ́ wáàsí. Ní báyìí, ẹlòmíràn ló jọ pé wọ́n ń bá wí. Ààfáà kan sọ fún mi pé ayé ló dí ọ̀nà mi sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ní kí n mú owó àgbò àti owó hàǹtú (omi tí wọ́n fi fọ àyà Àlùkùránì kúrò lára wàláà fún mímu) wá. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n fi ọjà sílẹ̀ kí n jókòó ti Ọlọ́run. Kò sí ẹni tí mo ṣẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni a kì í sọ̀rọ̀, nítorí yàrá kan nínú ilé bàbá wa, mo sì ti fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí mi ni?"

Wà àlékúmù sàlámù, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já yín láyà jù. Rárá o, n kò rí ohun kan nínú ìwé yín tó fi hàn pé Ọlọ́run kẹ̀yìn sí yín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú pátá kì í mọ̀ pé nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ òun, débi tí yóò máa wá a kiri. Nínú Súrà Bákárà, áyà 186, Ọlọ́run sọ fún Ànọ́bì pé bí àwọn ẹrú òun bá béèrè òun, òun wà nítòsí, òun sì ń jẹ́ ìpè ẹni tó bá ń pe òun. Nínú Súrà Káàfù, ó ní òun súnmọ́ ènìyàn ju iṣan ọrùn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá jìn láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹrú ló rìn ín. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló sì lè rìn ín padà. Hádíìsì kan wà tí Bùhárì àti Múslímù, àwọn àgbà onímọ̀ méjì tó kó ọ̀rọ̀ Ànọ́bì jọ, jọ gbà wá láti ọ̀dọ̀ Àbú Hùráírà, níbi tí Ọlọ́run ti ní ẹni tó bá ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun á sáré lọ pàdé rẹ̀. Ẹ di ìyẹn mú kí ẹ tó ka ìyókù, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ tó lè dùn yín.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé a ti fi ẹkún ṣe òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́. Tí omi bá bọ́ lójú, a ti dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Tí kò bá bọ́, a ti ṣègbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hanzala, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ̀wé fún Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), pàdé Àbúbakárì, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ànọ́bì, lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti di mùnáfíkì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbàgbọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Àbúbakárì ní kí ló dé. Ó ní tí àwọn bá wà lọ́dọ̀ Ànọ́bì, tó ń sọ ti àlùjánnà àti ti iná fún àwọn, àfi bíi kí àwọn máa fojú rí i. Ṣùgbọ́n tí àwọn bá ti délé, tí ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọmọ àti oko ti gbà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti lọ. Àbúbakárì ní, "Wálàhí, bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn." Ni àwọn méjèèjì bá gba ọ̀dọ̀ Ànọ́bì lọ. Èsì tó fún wọn wà nínú àkójọ Múslímù: ó ní bí wọ́n bá lè wà títí lọ bí wọ́n ṣe ń wà lọ́dọ̀ òun, àwọn màláíkà ì bá máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí ibùsùn wọn àti lójú ọ̀nà; àmọ́ wákàtí kan wà fún èyí, wákàtí kan wà fún ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Bí ó bá lè ṣe Àbúbakárì, ta ni èmi àti ẹ̀yin tí kò ní ṣe? Kí ọkàn gbẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn tù yín nínú kí n wá dákẹ́, torí ẹ ní ó ti pẹ́. Gbígbẹ ọkàn tó ń wá tó sì ń lọ, ti Hanzala nìyẹn. Èyí tó dé tó jókòó, ó yẹ ká wo ohun tó jókòó lé.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ayé kúrò nílẹ̀ ná. N kò ní sọ fún yín pé kò sí àsàsí tàbí ojú burúkú. Àlùkùránì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń sá di Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bi yín bí ẹ ṣe ń sùn, tí kò bi yín bí ọjà yín ṣe ń lọ, tí kò bi yín ta ni ẹ̀ ń bá yodì, tó ti ń pe owó àgbò, iṣẹ́ jálábí ló ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń fi ẹ̀sìn wá owó. Fàtíà, Áyátùl Kúrúsíyù, Fàlákì àti Náásì tí ẹ ti mọ̀ láti ilé kéú, ẹ lè máa kà á sí ara yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ewu tó wà nínú kí a máa di gbogbo nǹkan ru ayé ni pé ó máa ń gba ẹjọ́ kúrò lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ẹni tó ti gbà pé ọ̀tá ló dí ọ̀nà òun kò ní wo ọwọ́ ara rẹ̀ láé. Mo ti rí wọn tó pọ̀ ní Ìlọrin yìí, lára àwọn tó ń dúró dè mí lẹ́yìn wáàsí: wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti mu hàǹtú, àgbò ti lọ, ọkàn kò sì rọ̀, torí pé ohun tó mú un le ṣì wà níbi tó wà.

Kí ló wá ń mú ọkàn le? Súrà kan wà tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n kà lórí, tí a kì í sì í fara balẹ̀ wò, súrà 83, Mùtọ́fífínà. Ó ní ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù: tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n á gbà á kún, tí wọ́n bá wá ń wọ̀n ọ́n fún ènìyàn, wọ́n á dín in. Inú ọjà ni súrà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa kà á lọ. Tí ẹ bá dé áyà 14, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ló mú ọkàn wọn dógùn-ún. Áyà 15 tẹ̀ lé e, ó ní lọ́jọ́ náà, a ó fi gàgá sí àárín àwọn àti Olúwa wọn. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n ló gba inú ọkàn kọjá, tó sì parí sí ẹ̀yìn gàgá. Ànọ́bì ṣàlàyé rẹ̀ nínú hádíìsì tí Tírímísì gbà wá: tí ẹrú bá dá ẹ̀ṣẹ̀, àmì dúdú kan á kán sí ọkàn rẹ̀, tó bá jáwọ́, tó tọrọ àforíjìn, tó túúbá, a ó nù ún kúrò, tó bá padà síbẹ̀, dúdú náà á máa gbilẹ̀ títí yóò fi bo ọkàn.

Ẹ̀yin ará ọjà mọ ohun tí mò ń sọ ju èmi tí mò ń fojú wò ó lọ. Tí ará oko bá gbé àpò èlùbọ́ dé, ẹ wo bí àwọn kan ṣe ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á bù ú, wọ́n á gbọn kọ́ńgò jìgìjìgì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún bu òmíràn lé e títí yóò fi ga ṣóńṣó. Tí oníbàárà bá dé nírọ̀lẹ́, kọ́ńgò mìíràn ni wọ́n á fà yọ, èyí tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi wú wọnú. Wọ́n á rọra da èlùbọ́ sí i kó má baà kì, àtàǹpàkò á wà nínú létí kọ́ńgò, wọ́n á wá fi ìka mẹ́ta bu èènì lé e, oníbàárà á sì máa dúpẹ́. Nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ti bu èènì fún un. Tí wọ́n bá wá pe Alàásárì, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́yìn àpò yẹn náà.

N kò sọ pé ẹ̀yin ń ṣe é. Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò sì lè rí i láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé "kò sí ẹni tí mo ṣẹ̀." Ẹ gbé gbólóhùn yẹn lọ sídìí kọ́ńgò yín, ẹ gbé e lọ sídìí láfún tí àwọn kan ń pò mọ́ èlùbọ́ iṣu, àti èyí tí òjò ti pa tí wọ́n tún sá, tí wọ́n wá gbé e sí ìsàlẹ̀ àpò, kí ẹ wò ó bóyá yóò dúró. Ànọ́bì náà kọjá nídìí òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ kan ibi tó tutù. Ó bi ọlọ́jà pé kí lèyí. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ó ní kí ló dé tí kò gbé e sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó ní ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, orí oúnjẹ tó tutù lásán ló sì ti sọ ọ́.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń débi ìrun. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá dín òṣùwọ̀n, àyà rẹ̀ máa ń já. Kó tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ní láti pa ohùn kan lẹ́nu mọ́ nínú ara rẹ̀. Tó bá yá, ohùn yẹn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ á kàn máa dá a ṣe. Ohùn tí ó pa lẹ́nu mọ́ lọ́jà yìí náà ló yẹ kó dá a lóhùn tó bá ní "Àlàáhù Àkúbárù." Ọkàn méjì kò sí níkùn wa tí a ó gbé ọ̀kan lọ sọ́jà kí a fi èkejì kírun.

Ibi tó tún dá mi dúró nínú ìwé yín ni ibi tí ẹ fẹ́ sáré kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní ẹ ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyá mi, ohun tí a bá fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọwọ́ wa á ti kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣì ń yà fún un lójú ọ̀nà, tí wòlímọ́tù ọmọ rẹ̀ dé tí ẹ kò débẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń mú yín fajú ro, ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ànọ́bì sọ pé ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ń ṣí àwọn ìlẹ̀kùn àlùjánnà, wọ́n á sì máa forí jin gbogbo ẹrú tí kò bá fi nǹkan kan ṣe orogún Ọlọ́run, àfi ẹni tí ìkùnsínú wà láàárín òun àti ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n fi àwọn méjèèjì yìí sílẹ̀ ná títí wọn yóò fi parí ìjà. Ó tún ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ sálámà nínú wọn ló lóore jù. Ẹ wo iye ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tó ti lọ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yàrá yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹni tó jàre, n kò lè sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, n kò sì tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọbìnrin méjì tí bàbá kan bí, ìpín wọn nínú ogún bàbá wọn dọ́gba, kò sí ti ẹ̀gbọ́n, kò sí ti àbúrò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Màgàjí agbo ilé yín. Tí kò bá yanjú níbẹ̀, kóòtù tó ń pín ogún nílànà Ṣàríà wà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ẹ ń béèrè ẹ̀tọ́ yín. Àmọ́ ẹ lè máa bá ẹjọ́ yàrá lọ kí ẹ sì máa kí ara yín. Ilé ẹjọ́ kò ní kí ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ lọ, kó má dá yín lóhùn. Ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dunni. Ànọ́bì ní ẹni tó ń so okùn ẹbí kì í ṣe ẹni tó ń san oore padà, ẹni tó ń so ó nígbà tí wọ́n ti já a ni.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi ahọ́n, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, bí wọ́n ṣe ń kì wá nìyẹn. Ẹnu tó dùn náà ló ń kó wa sí wàhálà. Mo ti jókòó sí ibi àsàlátù tó ti parí, tí tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, tí wọ́n wá ń dúró de oúnjẹ, tí wọ́n mú ìyàwó ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀: aṣọ tó wọ̀, owó ànkó tí kò tíì san, ohun tí ọkọ rẹ̀ bá a sọ lóru. Àlùkùránì ní ẹran òkú ọmọ ìyá ẹni ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ tó ní òun kò gbádùn Ìṣáì, n kò rò pé ó yẹ kó yà á lẹ́nu. Ànọ́bì bi àwọn sàábé rẹ̀ pé ta ni òtòṣì. Wọ́n ní ẹni tí kò lówó. Ó ní òtòṣì nínú ìjọ òun ni ẹni tó gbé ìrun, ààwẹ̀ àti sàká dé lọ́jọ́ àjíǹde, tó sì ti bú ti ibí, tó ti purọ́ mọ́ ti ọ̀hún, tó ti jẹ owó onítọ̀hún. Wọ́n á máa kó iṣẹ́ rere rẹ̀ pín fún wọn títí yóò fi tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wo ìgbà tí ẹ ń kírun. Tí Àìlá bá ń dúró kí oníbàárà tán, tí ẹ sì ń kí i mọ́ Alàásárì pẹ̀lú ojú lára igbá owó, ọkàn kò ráyè. Fóònù náà wà níbẹ̀. Àárín Mọ̀gàríbì sí Ìṣáì tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe tẹ̀sùbáà, WhatsApp ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ fi ọjà sílẹ̀. Ó fẹ́ràn yín ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò bá a sọ ọ́. Oníṣòwò ni Khadija, ìyá àwa onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ òwò ló sì mú òun àti Ànọ́bì mọ ara wọn. Ẹni tó bá fi ọjà sílẹ̀ tó wá ń fi ojú tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, inú rẹ̀ lè tún korò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tí òwò bá jẹ́ èyí tí ẹ kò lè ṣe láìrẹ́ni jẹ, ìyẹn yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èlùbọ́ kì í ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní ti kí ẹ máa dìde lóru láti kí nọ́fílà, ó dára púpọ̀, àmọ́ n kò ní fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ fún yín, torí pé ìrun òru kò ní san gbèsè ọ̀sán. Ànọ́bì ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ gbá Àìlá mú ní àkókò rẹ̀, kí ẹ fi nǹkan bo igbá owó kí ẹ tó kábárà.

Nǹkan kan tún wà tó kọjá agbára mi. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí yín, ẹ kò sì sọ bóyá ìrun nìkan ni kò dùn mọ́ yín. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ pẹ̀lú kò dùn mọ́, tí ọmọ-ọmọ dé tí inú yín kò dùn, tí oorun kò wá tàbí tí ẹ ń fi gbogbo ọ̀sán sùn, tí ara ń wúwo láìsí ìdí, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rí dókítà. Àìsàn ọkàn wà, àìsàn ara tó ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì náà wà, nǹkan oṣù obìnrin tó ń parí sì lè fa nǹkan kan nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ tó kéré ló ń fà á, wáàsí kò sì lè rọ́pò oògùn rẹ̀. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì fẹ́ kí ẹ máa bá ara yín wí lórí ohun tó jẹ́ àìsàn.

Tí ẹ bá ti wo gbogbo èyí, n kò lè ṣèlérí pé omi yóò tún máa bọ́ lójú yín bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan wà tí mo mọ̀ tó jẹ́ pé láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n bá ẹbí wọn parí ìjà ni ìrun padà di tiwọn. Mo mọ àwọn mìíràn tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n kàn ń kí i lọ pẹ̀lú ọkàn tó gbẹ, mo sì gbà pé iṣẹ́ wọn kò ní ṣòfò, torí ìkírun tí kò dùn mọ́ni tí a kò sì fi sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Owó àgbò yẹn, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí kọ́ńgò yín; tó bá wú wọnú, ẹ ra òmíràn, kí ẹ má sì ta èyí àtijọ́ fún ẹlòmíràn nínú ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ ronú kan àwọn tó ṣeé ṣe kí ẹ ti dín tiwọn. Èyí tí ẹ bá mọ̀, bóyá ará oko tí ẹ ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí oníbàárà tí ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ dá tiẹ̀ padà fún un tàbí kí ẹ ní kó forí jìn yín. Èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ fojú bu iye rẹ̀, ẹ jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ, kí ẹ fi owó àgbò náà fún àwọn aláìní ní orúkọ àwọn tó ni ín. Ẹ má kà á mọ́ sàráà tiyín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pè é síta ní ibi àsàlátù.